Ìgbà Tí A Ò Gbọdọ̀ Bára Wa Sọ̀rọ̀

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbá kúrò lára ẹ̀rọ, kí n tó wojú ẹni tó ni ọwọ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ó ṣì gbóná ni?"

Ó fà sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni wọ́n ní kí n wá kọ́ yín bẹ́ ẹ ó ṣe máa lò ó."

Ojú tì mí débi pé ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Àlejò tá a ti ń retí láti òkè òkun nìyẹn, ọmọ tiwa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí wọn lọ́hùn-ún. Ọjọ́ náà ló sọ mí ní Má-fọwọ́-kàn-án. Títí dòní, mi ò tíì gbọ́ orúkọ tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwádìí tiwa àti tiwọn ló jọ dawọ́ lé iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò ga ju fíríìjì lọ. Gáàsì háídírójìn ló ń sọ di iná mànàmáná. Kì í rú èéfín, omi díẹ̀ ló kàn ń kán lẹ́nu páìpù rẹ̀. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa, ìkejì wà lọ́dọ̀ wọn.

Lọ́sàn-án, a máa ń jókòó jẹun lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan, ó gbé kọ́ọ̀bù sábẹ́ páìpù, ó wo omi inú rẹ̀, ó ní, "O ṣeun, olólùfẹ́ mi."

"Ta ni olólùfẹ́ yín?"

"Ẹ̀rọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mà."

Irọ́ ló ń pa, àwa méjèèjì sì mọ̀. Wọ́n ti wó ilé yẹn báyìí, wọ́n ti kọ́ èyí tó tóbi síbẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá ń kọjá, àtẹ̀gùn yẹn ni ojú mi ṣì ń wá kiri. Ayé dùn nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Mo mú un lọ sílé. Ilé iṣẹ́ iná tó ń jó èédú ni Bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí àyà rẹ̀ fi bàjẹ́. Bó bá kí èèyàn, ikọ́ á dá a dúró lágbedeméjì.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé tiyín yìí kì í rú èéfín?"

"Kì í rú èéfín rárá, Bàbá."

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe pẹ́ bí yín tó!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ títí oúnjẹ fi tutù. Màmá fà mí wọ ilé ìdáná. "Ẹni tó jẹ́ pé inú bàálù ló ń gbé yìí? Tó bá lọ tí ò padà ńkọ́?"

Nígbà tí ẹ̀rọ méjèèjì ṣe tán, òfin dé. Òun á dán tọ̀hún wò, èmi á dán tibí wò. A ò sì gbọdọ̀ gbúròó ara wa títí nọ́ńbà tí àwa méjèèjì bá rí nínú ìdánwò á fi dé ilé ìwádìí kẹta kan, tí wọ́n á ṣí i lójú gbogbo ayé. Wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni yí tirẹ̀ kó lè bá tẹnì kejì mu. Bí wọ́n bá gbọ́ pé a sọ̀rọ̀, gbogbo iṣẹ́ náà di asán.

Ọjọ́ tó ń lọ ló kọ́kọ́ yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu. "Mo fẹ́ fẹ́ ọ. Má tíì dáhùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, kó o dá mi lóhùn."

Oṣù ń yí lu oṣù. Fóònù mi dákẹ́.

"Òfin wo ló ní kéèyàn má kí àfẹ́sọ́nà ẹ̀?" Màmá bi mí. Àbúrò rẹ̀ mú apòògùn kan wá pé kí n fẹ́ ẹ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó nílé ní àdúgbò kejì. Màmá ní, "Èyí ò ní í wọ bàálù lọ ibì kankan." Mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi, mo sunkún.

Àìsàn wá dá Bàbá gúnlẹ̀. Ó ní, "Pè é, kó o kàn kí i. Má dárúkọ ẹ̀rọ."

"Bàbá, tí n bá gbóhùn ẹ̀, màá mọ̀ bóyá tiẹ̀ dáa tàbí kò dáa. Òun náà á mọ tèmi."

Ó bá pe Màmá. "Fi ọmọ yìí sílẹ̀. Torí irú àyà tèmi yìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é."

Bàbá kú kí iṣẹ́ tó parí. Ọ̀gá mi fẹ́ kọ̀wé túfọ̀ fún un lókè òkun, mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kí ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni má lọ gbọ̀n nídìí ẹ̀rọ. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mò ń nu ojú, mò ń ka nọ́ńbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ojú oríṣiríṣi èèyàn kún ojú kọ̀ǹpútà. Olórí ilé ìwádìí kẹta ka tiwọn, ó ka tiwa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan dìde. Ìdáhùn mi ti wà lẹ́nu mi, mò ń retí kí olólùfẹ́ mi béèrè.

Ó sún mọ́ kámẹ́rà, ó sọ ọ́ ní èdè wa: "Bàbá ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti ń fúyẹ́?"

Mo yọ dígí ojú mi, mo nu omijé. Ó rí mi, ó sì yé e. Ó gbé orí lé tábìlì níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Olórí yẹn ń béèrè bóyá nọ́ńbà ni ò dáa.

Mo délé, Màmá ń ká aṣọ Bàbá. Mo ròyìn fún un.

"Ohun tó kọ́kọ́ bi ọ́ nìyẹn? Kò béèrè ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó?"

"Kò béèrè, mà."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá wà lórí itan rẹ̀. "Ó sì ń sunkún?"

"Ó ń sunkún."

"Ta ló wá wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

Màmá mú fóònù mi lórí tábìlì, ó tì í bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Pè é. Sọ fún ọkọ ẹ pé kó máa bọ̀ nílé."