Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta Ni Mo Máa Ń Kàn

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógójì tí mo sin ìyàwó mi, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi láti orí nọ́ńbà rẹ̀. “Òtútù ń mú mi.” Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn mú, mo sì ń fá pákó nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo kà á. Mo nu ọwọ́ mi, mo tún un kà.

Káfíńtà ni mí. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ilé. Tí ẹ̀rọ bá ń ké, mi ò lè gbọ́ ìpè, torí náà ìyàwó mi máa ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi láti inú ilé. Oúnjẹ ti délẹ̀. Ẹnì kan ń bèèrè rẹ. Àpò àyà ni mo máa ń fi fóònù sí kí n lè mọ̀ tó bá gbọ̀n. Ọwọ́ mi kì í mọ́ tó láti tẹ èsì, torí náà èèkù òòlù ni mo fi ń dá a lóhùn. Mo máa kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyẹn ni pé mo ti rí i. Ọdún mọ́kànlá la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo kan pósí rẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo gbé e sínú rẹ̀ tán, mo pa fóònù rẹ̀, mo sì tì í sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n mo rántí pé mo jáde lọ mú ìṣó, àbúrò rẹ̀ nìkan ló sì wà nínú yàrá.

Àbúrò yìí ló ń bá mi tọ́jú ọmọ wa, ọmọ ọdún márùn-ún. Aláròyé la ń pe ọmọ náà, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun náà ló sọ àǹtí rẹ̀ ní Ìyá Kékeré. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni Ìyá Kékeré ti ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun mú ọmọ lọ sí ilé òun. Mo ní rárá. Ọmọ náà nìkan ló kù fún mi.

Mo wá rò ó pé Ìyá Kékeré fẹ́ fi ẹ̀rù gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù gbọ̀n. “Ó ti ta bùláńkẹ́ẹ̀tì dànù.” Mo rọra wọlé. Aláròyé ń sun oorun ọ̀sán, bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìyá Kékeré jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ń ká aṣọ. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Kò sí fóònù níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta: “Àyè ṣì kù níbí.”

Nígbà tí Ìyá Kékeré lọ pọn omi, mo tú báàgì rẹ̀. Ó wọlé bá mi pẹ̀lú ọwọ́ mi nínú rẹ̀ títí dé ìgúnpá.

“Ẹ tú u délẹ̀ o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹyọ yẹtí mi kan sọnù, bóyá ẹ ó bá mi rí i.”

“Fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ dà?”

“Fóònù wo? Ẹ tiẹ̀ ti sọ mí dolè báyìí.”

Mo na fóònù mi sí i. Ó kà á, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo tì sábẹ́ ọwọ́ òkú fún un. Ó fẹ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà, ó tún sáré dìde.

“Mi ò yọ nǹkan kan. Mi ò lè wo ojú rẹ̀, ògiri ni mo kọjú sí títí ẹ fi dé.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ yìí kó máa kan bẹ́ẹ̀dì?”

“Kan bẹ́ẹ̀dì báwo?”

“Tó bá ti fẹ́ sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.”

Mo pe Aláròyé. Mo bi í ìdí tó fi ń kan bẹ́ẹ̀dì.

“Màmá ló ń bèèrè bóyá mo wà níbẹ̀. Mo wá ń dá a lóhùn.”

“Níbo ni Màmá wà?”

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé pákó ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì náà. “Inú ibí. Ó ní kí n tún sún mọ́ òun sí i.”

Mo wo pákó náà. Igi kan ṣoṣo ni mo rà fún pósí. Nígbà tí mo là á tán, pákó ṣẹ́ kù. Káfíńtà kì í da pákó gidi nù, ó ti mọ́ wa lára. Lọ́sẹ̀ kejì ìsìnkú, mo fi ìyókù kan bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ mi.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí mo fi tú u palẹ̀, tí mo sì dáná sun ún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí iná ṣe ràn, fóònù gbọ̀n láyà mi. “Ó ti ń móoru.” Lẹ́yìn náà: “Ọmọ ńkọ́?”

Aláròyé di aṣọ àǹtí rẹ̀ mú. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì: ení, èjì, ẹ̀ta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo di ẹrù rẹ̀. Ohun tí mo ti ń kọ̀ látọjọ́ yìí, èmi ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún.

“Ẹ̀yin ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?” Ìyá Kékeré bèèrè.

“Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi.”

Ara ọmọ náà ti yá. Àǹtí rẹ̀ pè mí lánàá, ó ní ẹnu rẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀, etí òun ò lè sinmi mọ́.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún wọn. Pákó kan ṣì kù. Mo ti fi ṣe ojú tábìlì iṣẹ́ mi kó tó di pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Àìmọye ìgbà ni mo ti gbé àáké sókè lé e lórí, tí mo tún sọ ọ́ kalẹ̀.

Ohun kan sì ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyàwó mi kì í sọ pé òtútù ń mú òun. Ooru ló máa ń yọ ọ́ lẹ́nu, kódà lásìkò òjò. Mi ò mọ ẹni tó ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ yìí.

Lọ́sàn-án òní, fóònù gbọ̀n láyà mi. “Èmi nìkan ni mo wà níbí. Ìwọ ńkọ́?”

Mo pa ẹ̀rọ. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo mú òòlù, mo yí èèkù rẹ̀ sílẹ̀, mo kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ mi dúró.

Ẹ̀ẹ̀kẹta wá láti abẹ́ pákó.