Ta Ló Ka Ìbéèrè Mi?

"Eèrà, ṣé o ò tíì ṣe tán ni? Gbogbo kíláàsì ló ń retí ẹ!"

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kíákíá ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àga ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé wọn. Ọmọbìnrin tó jókòó náà ni wọ́n ń pè ní Eèrà, torí pé kò ga, kò sì mọ ìsinmi. Ó ṣe ìkànnì kan táwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi bi nọ́ọ̀sì ilé ìwé ní ohun tí ojú ń tì wọ́n láti bi í. Tẹ́lẹ̀, béèyàn bá ti pa ìkànnì náà dé, ohun tó kọ ti wọmi. Ní báyìí, Eèrà ti so ó mọ́ ilé ìpamọ́ kan tí wọ́n ń bá èèyàn tọ́jú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó sì ti fi páàsíwọ́ọ̀dù sẹ́nu ọ̀nà.

"Ibì kan ṣì rú mi lójú," ni Eèrà fèsì. "Òfin ẹni tó lè rí ohun tẹ́lòmíì kọ. Mo kà á títí, kò yé mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dúró kóun dé ní Sátidé."

"Ṣebí páàsíwọ́ọ̀dù ti wà níbẹ̀? Ṣí i fún wa jàre! Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

Ọkàn Eèrà ò balẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ojo. Ó ṣí i.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wọn dorí kodò. Ó ti sọ fún nọ́ọ̀sì lórí ìkànnì náà pé látìgbà tí ìyá òun ti kú lòun ti ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n tó jáde ìsinmi, àwọn kan ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ta ló ka ìbéèrè mi?" ló bi Eèrà. "Ìwọ lo ní ó ní páàsíwọ́ọ̀dù."

"Ó ní i… Mo fi sí i… Mi ò mọ̀…"

Orí Eèrà dàrú. Ó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lókè nílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Ibo lolè wá gbà wọlé? Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Olè kankan ò wọlé, àbúrò mi," lẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Àwọn tó o fún ní kọ́kọ́rọ́ ni. Páàsíwọ́ọ̀dù á sọ ẹni tó wọlé fún ẹ, kò ní sọ yàrá tó yẹ kó dé. Gbogbo yàrá lo ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹni tó bá ti wọlé lè ka ohun tẹ́nikẹ́ni kọ."

Kíákíá fa Eèrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Rọra tún un ṣe. Sọ pé àwọn gbájú-ẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Ta ló máa mọ̀?"

Eèrà ò mọ èyí tí ì bá ṣe. Níkẹyìn, ó ti ìkànnì náà pa, ó lọ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ó sì dúró níwájú kíláàsì.

"Èmi ni mo fà á. Kò yé mi, mo sì ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́."

Àwọn kan hó lé e lórí. Ọmọbìnrin náà ò wojú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, wọ́n jọ tún un ṣe, débi pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò lè rí ju tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ó pẹ́ kẹ́nikẹ́ni tó tún kọ nǹkan síbẹ̀. Ọmọbìnrin náà padà bẹ̀rẹ̀ sí í kí Eèrà, ṣùgbọ́n Eèrà ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì í. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ohun tí kò bá tíì yé wa, ẹ má ṣe jẹ́ ká fi àṣírí ẹlòmíì dán an wò.