Màmá Mi Kò Bá Clifton Sọ̀rọ̀ Mọ́

Apá ṣẹ́ẹ̀tì ni Clifton fi mú mi. Àwọn dókítà kan wá sí ìlú wa láti Alice Springs, ìlú ńlá tó jìnnà sí wa, wọ́n ń wádìí bóyá ìfun àwa ọmọ onílẹ̀, tí ìran wa kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ yìí dó, ń dí lọ́mọdé ju ti ọmọ òyìnbó lọ. Clifton ló wa mọ́tò wọn, òun náà ló ń túmọ̀. Ó ti apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọnú ara rẹ̀, ó ní báyìí ni ìfun ọmọ ọwọ́ ṣe máa ń wọnú ara rẹ̀. Ni ọwọ́ rẹ̀ bá há síbẹ̀.

"Arẹwà, gbà mí o," ló ké sí mi níwájú gbogbo èèyàn.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn.

Mo fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n Màmá mi kò gbà á ní àna. "Ta ló mọ ilẹ̀ bàbá ẹ̀?" Nínú ìran wa, ìyá ìyàwó kì í bá ọkọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í wo ojú rẹ̀, wọn kì í jọ jókòó. Ọ̀wọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń bá Clifton sọ̀rọ̀ ṣáá, láti fi hàn pé kì í ṣe àna òun. Láàárọ̀, á wò ó kòrókòró: "Ẹlẹ́nu gbọọrọ, o ti jí?" Clifton á wolẹ̀. Ó ń dùn ún wọra. A bí Tarni, ọmọbìnrin wa, síbẹ̀ èébú náà kò dáwọ́ dúró.

Tarni kò tíì lè dá jókòó lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Á ká ẹsẹ̀ sókè, á ké, á dákẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan, á tún ké. Màmá ní eyín ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú ìtẹ́dìí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló yà.

"Ìfun ni," ni Clifton wí. "Ẹ wọ mọ́tò."

Òjò ti ba pápá ọkọ̀ òfuurufú jẹ́, èyí tó ń gbé aláìsàn kò lè balẹ̀. Màmá gbé Tarni jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Clifton, ó ń bú u lọ nínú ẹrẹ̀.

"Ṣé ẹ́ńjìnnì ló wà nínú mọ́tò yìí àbí iyanrìn?"

"Mà, tí mo bá sáré jù, a máa rì."

"Rì kẹ̀! Tí ọmọ yìí bá kú, ìwọ ni màá bi!" Ó ń bú u, ó ń sunkún.

Ní ọsibítù, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú Tarni láti ìdí títí ìfun náà fi padà sáyè rẹ̀. Wọn ò fi ọ̀bẹ kàn án. "Ẹ tètè dé," ni dókítà wí. "Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá kì í tètè dé." Mo dúpẹ́ títí ohùn mi fi há.

Lọ́jọ́ tí a ń padà sílé, Clifton ṣí ilẹ̀kùn iwájú. "Mà, ẹ wọlé."

Màmá kọ ẹ̀yìn sí i, ó fa ìborí bojú.

"Delvine," ó pè mí, "sọ fún ọkọ rẹ pé mi ò lè bá a wọ mọ́tò kan náà. Màá dúró de bọ́ọ̀sì."

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ Clifton. Òun náà yí ẹ̀yìn padà, bó ti yẹ kí àna ṣe, omi ń dà lójú rẹ̀. "Bá mi sọ fún wọn pé mo dúpẹ́."

"Sọ fún un pé èmi ni mo dúpẹ́."

Wọ́n ń gbọ́ ara wọn ketekete. Síbẹ̀ mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú Tarni léjìká, mo ń gbé ọpẹ́ lọ, mo ń gbé e bọ̀, ayọ̀ sì kún inú mi dẹ́nu.