Àwo Iyán Ọjọ́ Kẹjọ

Gàfárù kú lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní òwúrọ̀ ó ń lé adìyẹ kiri. Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, ó ti yàgbẹ́ títí ojú rẹ̀ fi wọnú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á, nítorí náà gbogbo agbo ilé wọn ní Bẹyẹrúnkà ló mọ̀ ọ́n.

Àtọ́kẹ́ ìyálé ni wọ́n ń wò; Sìdí, ìyàwó kékeré, ló bí ọmọ náà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Àtọ́kẹ́ sanra débi pé bí ó bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹlòmíràn kò lè kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń sinmi kí ó tó gun òkè Màpó tán. Nígbà tó yá, egbò inú gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà la ikùn rẹ̀, ó gé èyí tó pọ̀ jù kúrò nínú àpò tí oúnjẹ ń wọ̀, ó sì rán ìyókù, tí kò ju ìkúùkù lọ, mọ́ ìfun. Bí oúnjẹ bá pọ̀, yóò já sínú ìfun lẹ́ẹ̀kan náà: òógùn yóò bò ó, àyà rẹ̀ yóò máa lù kì-kì-kì, òòyì yóò kọ́ ọ. Òkèlè mẹ́rin péré ló ń jẹ, lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́. Nọ́ọ̀sì sì ní kí ó máa se omi kí ó tó mu ún. Ó rù títí awọ apá rẹ̀ fi ń fì bí ẹ̀wù àgbàwọ̀.

Sìdí ní ṣe ló bọ́ ẹran ara sílẹ̀ kí ó lè fúyẹ́ láti fò. Òwìwí kan bà lé páànù lọ́sàn-án gangan lọ́jọ́ tí ọmọ kú. Wọ́n ní ọrùn Àtọ́kẹ́ ni ẹyẹ náà ní. Omi sísè ni ẹ̀sùn kejì. Kí ló mọ̀ nípa kànga tí àwọn yòókù kò mọ̀? Ó ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n se tiwọn náà. Wọ́n bi í bóyá òun ni yóò máa bá wọn ṣẹ́gi.

Níbi sàárà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Àgbà, ìyá Fàsásì ọkọ wọn, gbé odidi àwo iyán ka iwájú Àtọ́kẹ́.

“Ẹni tí kì í bá wa jẹun, ó níbi tó ti ń jẹ,” ló wí. “Jẹ ẹ́ tán, o ó máa bá wa gbé. Bí o bá jẹ ẹ́ kù, di ẹrù rẹ.”

“Ìyá mi, ẹ mọ̀ pé wọ́n gé mi nínú.”

“Ẹ jẹ ẹ́, ìyálé mi,” ni Sìdí wí. “Ẹran ọmọ mi kọ́ nìyí.”

Àtọ́kẹ́ wo Fàsásì. Fàsásì ń wo bàtà ara rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni obìnrin náà ti lò nínú ilé yìí, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Ó fi ìka nu àwo.

Kò pẹ́ tó fi ń gbọ̀n. Òógùn bò ó, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ó ń sọ ohun tí kò yéni, ó sì ṣubú.

“Ó ti ń kà bí àjẹ́,” ni Ìyá Àgbà wí.

Kí ó tó lè dìde, wọ́n ti gbé òun àti ìkòkò omi rẹ̀ sí etí títì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá gbé e lọ sí Yemẹtu.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbẹ́ gbuuru náà mú Àkíbù, àbúrò Gàfárù, ó sì pa á. Wolé-wolé dé lọ́jọ́ kejì ìsìnkú. Ó da aró pupa sínú ṣáláńgá, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kànga. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ fa omi, ó dà á sínú abọ́ funfun. Ó pupa bí osùn. Ó béèrè bóyá ẹnì kan nínú ilé ń se omi mu. Sìdí yíjú sí ibi tí ìkòkò omi Àtọ́kẹ́ máa ń wà.

Fàsásì lọ sí Yemẹtu. Ó bá Àtọ́kẹ́ lórí àpótí, tó ń jẹ ààbọ̀ àkàrà díẹ̀díẹ̀. Fàsásì ní wọ́n ti mọ òótọ́, kí ó dìde kí wọ́n máa lọ sílé.

“Àkíbù ńkọ́?” ni Àtọ́kẹ́ bi í.

Fàsásì tún wo bàtà rẹ̀.

Àtọ́kẹ́ fi ewé wé ìyókù àkàrà náà.

“Ẹ máa lọ, baálé mi. Ilé yẹn ti bọ́ mi yó.”