Ìparí Ìtàn Tí Bàbá Kò Gbọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fún wa ní etí, tó sì fún wa ní ẹni tí à ń gbọ́ tirẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ti aránṣọ kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Dúró níbẹ̀," ni aránṣọ wí. "Má tíì kà á tán."

Ọmọ rẹ̀ pa ìwé dé. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, tí bàbá bá ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń pariwo tì, tó wá ń fi ọwọ́ rán bọ́tìnnì, ọmọ á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa ka ìtàn òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó ti kú tipẹ́ fún un. Bó bá ku ojú ewé kan, wọn á dúró. Bàbá á sọ bó ṣe rò pé ìtàn náà á parí, ó sì di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó mọ òótọ́. Àbá rẹ̀ kò tọ̀nà rí.

"Òǹkọ̀wé yìí tún fọgbọ́n mú mi," á wí, á sì máa rẹ́rìn-ín. "Aránṣọ ni òun náà. Aṣọ pénpé ló ń rán, ṣùgbọ́n o ò ní rí ibi tó so òwú sí. Kì í sì í fi tálákà ṣe yẹ̀yẹ́."

Nígbà tó yá, àìsàn àyà dá aránṣọ dùbúlẹ̀ nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìtàn kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé náà. Ó jẹ́ ti arúgbó kan tó ń tún bàtà ṣe. Ó tún bàtà oníbàárà kan ṣe, ẹni náà rìnrìn àjò, kò sì padà. Ọdún ń gorí ọdún, arúgbó ń nu bàtà náà, ó ń gbé e padà sórí pẹpẹ, gbogbo àdúgbò sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó ni bàtà á padà wá," ni bàbá wí.

"Bàbá mi, òǹkọ̀wé yìí kì í ṣe é kó rọrùn tó bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Kà á tán fún mi lónìí."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ọmọ náà yọjú lójú fèrèsé. Ọmọ kíláàsì wọn kan ń ṣe ọjọ́ ìbí. "Tíṣà ilé, o ò tíì ṣíwọ́ ni? Àbí òkú tó kọ ìwé yìí lo fẹ́ fẹ́? Gbogbo wa ti ń lọ o."

Ojú ti ọmọ náà. Ó dìde. "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣòfin pé ó di ọ̀la."

Bàbá ní, "Èmi ni lóòótọ́. Máa lọ, ìyá mi."

Nígbà tó ti òde ọjọ́ ìbí náà dé, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ká gèlè rẹ̀ mọ́wọ́. "Bàbá rẹ ń bèèrè bóyá o ti dé, títí tó fi dákẹ́," ni ìyá wí. "Mo ní kí n ránṣẹ́ pè ọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí o ṣeré."

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ náà wọ ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹ̀wù kan ṣì wà lórí tábìlì, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára bọ́tìnnì tí bàbá ń rán lọ́wọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó sì ka ojú ewé tó kù sókè ketekete. Nínú ìtàn náà, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun ṣílẹ̀kùn arúgbó, ó ní, "Bàtà mi ni mo wá gbà." Ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí.

"Àbá yín tọ̀nà, Bàbá," ló wí fún àga òfìfo tí bàbá máa ń jókòó sí. "Ó tọ̀nà." Ó wá gbé orí lé ẹ̀wù náà, ó sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ijó yóò tún wà, ọ̀rẹ́ yóò tún pè. Oore tí òbí bá bẹ̀ yín fún lónìí, ẹ má ṣe fi ọ̀la dá a lóhùn, nítorí ọwọ́ Olúwa ni ọ̀la wà. Kí Ọlọ́run dá àwọn tó fẹ́ràn yín sí, kó má sì jẹ́ kó jẹ́ àga òfìfo ni ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀. Àmín.