Awò Tawheed àti Ìràwọ̀ Méjì

"Bàbá, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì yìí sójú, ó ríran yí gbogbo ayé po, mo sì rí ìpàkọ́ ara mi."

Ohun tí Tawheed kọ́kọ́ sọ fún Fálẹ́yẹ, bàbá Ọ̀ṣunmọ́lá, nìyẹn, bó ṣe dọ̀bálẹ̀ tán. Ọ̀ṣunmọ́lá fọwọ́ bojú. Ó fẹ́ràn ọmọ Aké tó ń ta awò ojú yìí dénú eegun, ṣùgbọ́n ẹnu Tawheed gùn ju ọ̀nà Papalanto lọ.

Fálẹ́yẹ ò rẹ́rìn-ín. Bí bàbá yẹn bá wo ẹ̀gẹ́ lójú burúkú, gàrí lẹ̀gẹ́ ń dà níbẹ̀.

"Ìyá rẹ, Àlàájà Bùsírátù, ní ọmọ ọlọ́ṣun ò ní wọlé òun. Kí lo wá ń wá nílé mi?"

"Ọmọ yín ni, sà. Ẹ wo ìràwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ yẹn. Méjì ni. Wọ́n ń yí ara wọn po, wọ́n ń súnmọ́ra títí wọ́n á fi di ọ̀kan. Bí èmi àti Mọ́lá ṣe rí nìyẹn."

Ọ̀ṣunmọ́lá ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ yẹn, lọ́jọ́ tó lọ ra awò ìkàwé lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ó sọ fún un pé irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti súnmọ́ra jù, kò sí awò ọwọ́ tó lè yà wọ́n sí méjì. Ìmọ́lẹ̀ wọn tó ń dín, tó tún ń pọ̀, làwọn onímọ̀ fi ń dá wọn mọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí: "Olólùfẹ́ mi, òótọ́ nìkan ni kó o sọ fún bàbá mi."

"Gbé awò náà wá," ni Fálẹ́yẹ wí. "Bí mo bá rí méjì, máa mú un lọ. Bí mo bá rí ẹyọ kan, tí mo tún rí ẹsẹ̀ rẹ ní Owódé yìí, màá gé e."

Ó gba awò náà. Ó gbé e sójú, ó wòkè.

"Méjì ni."

Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Ọ̀ṣunmọ́lá fò. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ń rọra sọ awò náà kalẹ̀, ó dojú ẹ̀ kọ ìdí igi ọsàn.

"Ewúrẹ́ kan ni mo so síbẹ̀. Méjì ni mo ń wò." Ó yí i sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Ọ̀ṣunmọ́lá náà ti di méjì. Èwo lo fẹ́ níbẹ̀?"

"Tawheed," ni Ọ̀ṣunmọ́lá wí jẹ́ẹ́jẹ́, "kí lo fi awò yìí ṣe?"

"Ó já bọ́ lórí ọ̀kadà. Ojú ẹ̀ kan ti wọ́."

Fálẹ́yẹ ti ń na ọwọ́ sí àdá. Tawheed fi bàtà sílẹ̀, ó fò kọjá ewúrẹ́, ó di inú oko ẹ̀gẹ́.

Ọ̀ṣunmọ́lá gba awò náà, ó gbé e sójú. Tawheed méjì ló rí tó ń sá lọ. Kò sí èyí tó bojú wẹ̀yìn nínú wọn.