Ẹlẹ́sẹ̀ Ire Ọjà Mile 12

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Èrèlé ọdún 2002, kí ọyẹ́ tó kúrò nílẹ̀, apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan fẹ́ ṣubú ní ọjà Mile 12, àlejò kan sì na ọwọ́ mú un. Ohun kékeré ni. Àmọ́ orí apẹ̀rẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ayé ìgbà náà yàtọ̀. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹni tí ó bá ní in kì í fi sápò, ọwọ́ ni í gbé e sí kí gbogbo ayé lè rí i. Ẹni tí kò ní ń lọ bá àwọn obìnrin tí ń ta ìpè lábẹ́ agbòòrùn lẹ́bàá títì Kétu. Lẹ́tà ṣì ń rin ìrìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó dé ilẹ̀ Sàró. Ní Mile 12, kí ojú tó mọ́, àwọn tírélà tí ó wá láti òkè Ọya á ti tò lọ rẹrẹẹrẹ pẹ̀lú eruku ọ̀nà jíjìn lára wọn. Àwọn alábàárù á máa sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn ìyá ọjà, tí wọ́n ró ìró ànkárá lé ara wọn nítorí òtútù, á máa fi ọwọ́ yí tòmátì wò bí ẹni tí ń yẹ ẹyin wò. Tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò bá tà lónìí, omi ni yóò dà lọ́la.

Bartholomew ni orúkọ àlejò náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ọmọ Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì dúdú mọ́ ọrùn, bàtà rẹ̀ sì ń dán láàrin ẹrẹ̀ àti ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìjọ àtijọ́ kan nílùú rẹ̀ ni ó rán an wá wàásù ní Kétu àti Ìkòsì. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá ìyá rẹ̀ lẹ́rú, kí ọkọ̀ ogun òyìnbó tó gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì já wọn sí Freetown. Títí di ìgbà náà, nílé wọn, "Kushẹ́" ni wọ́n fi ń kí ara wọn, wọ́n sì ń kó ọmọ tuntun jáde bí àwọn baba wọn ti ń ṣe. Ìyá rẹ̀ àgbà ni ó kọ́ ọ ní Yorùbá. Èdè náà kò ṣòro gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó kàn ń tiro díẹ̀ ni.

Ẹ̀jẹ́ ni ó gbé e kúrò nílé. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ Freetown ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1999, yàrá tí wọ́n ń kó ìrẹsì sí ni ó sá sí. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi wà nínú òkùnkùn, tí ó ń jẹ ìrẹsì tútù lẹ́yọ lẹ́yọ. Ibẹ̀ ni ó ti ṣèlérí fún Ọlọ́run pé bí òun bá jáde láàyè, òun yóò gbé Ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti kó àwọn baba òun. Ó jáde láàyè. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò tún lè fi ìrẹsì kan ẹnu mọ́, ọmọ Sàró tí í jẹ ìrẹsì lójoojúmọ́.

Ìjọ fún un ní ọdún kan. Bí kò bá rí ẹni mẹ́wàá ṣe ìrìbọmi fún, wọn yóò ti ilé ìsìn Kétu pa, yóò sì padà sílé pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ tí kò ṣẹ.

Oṣù márùn-ún ti lọ, kò rí ẹyọ ẹnì kan. Ní àwọn ẹ́sítéètì Ìkòsì, àwọn ọlọ́dẹ ẹnu géètì á sọ fún un pé Mummy kò sí nílé, Mummy á sì máa yọjú lẹ́yìn kọ́tìnì. Ilé ìsìn rẹ̀ jẹ́ yàrá kan tí ó fi àga oníke mẹ́wàá sí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, á wàásù fún àga mẹ́wàá, á kọrin, á dáhùn àmín fún ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àárò ilé bá mú un púpọ̀, á lọ sábẹ́ agbòòrùn láti pe ìyá rẹ̀. Ohùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò máa padà wá bá a láti inú fóònù, títí ìlà yóò fi já.

Obìnrin tí ó ni apẹ̀rẹ̀ ọjọ́ Ajé yẹn ni Màríyámọ̀, opó kan tí ó ti ń ta tòmátì àti tàtàṣé láti ìgbà tí ọjà náà ti wà ní Mile 12. Ọjọ́ kejì tòmátì rẹ̀ nìyẹn nílẹ̀, ó ti ń rọ̀. Bartholomew gbá apẹ̀rẹ̀ tí ó ń ṣubú mú, ó gbé e dúró, ó ní, "Kushẹ́, mà."

"Mo dúpẹ́ o, pásítọ̀," ni Màríyámọ̀ wí, kò wojú rẹ̀.

Kò tíì rìn ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ tí àwọn alásè kan láti Gbàgádà fi dé. Wọn kò yọwó púpọ̀. Gbogbo apẹ̀rẹ̀ tí ó wà ní ìsọ̀ náà ni wọ́n kó.

Màríyámọ̀ di orí mú. "Ruqoyah! Ṣé o rí i?"

Ruqoyah, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ti dìde dúró. "Mo rí i o. Ọmọ yìí ní ẹsẹ̀! Ẹlẹ́sẹ̀ ire ni! Gafar, sáré pè é padà fún mi jàre!"

Gafar ni alábàárù tí ó dàgbà jù ní ìlà náà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. "Ẹni tí ẹ fi omi ata lé lọ lánàá?" ni ó bèèrè. "Ó ti di ọkọ yín lónìí?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tàn nìyẹn. Gbogbo ọlọ́jà ni ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dúró níwájú ọjà láàárọ̀ ni í pinnu bí ọjọ́ yóò ṣe rí. Ẹlẹ́sẹ̀ ire ṣọ̀wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, bí Bartholomew ti yọ ní ẹnu ọ̀nà ọjà, igbe ta láti ìsọ̀ dé ìsọ̀.

"Pásítọ̀ Sàró, ẹ yà lọ́dọ̀ mi!"

"Ẹ má gba ibẹ̀ o! Àná ni ẹ dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀!"

"Ẹ kọ́kọ́ gbàdúrà sí ata rodo yìí, pásítọ̀ wa àtàtà!"

Omi ayọ̀ bọ́ lójú ọmọ náà. Ó ṣí Bíbélì, ó gbé ọwọ́ lé apẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ti sọ fún un, ó sì wàásù. Wọ́n ṣe àmín tí ó mi pákó ìsọ̀. Ní ìsọ̀ Màríyámọ̀, ìtàn yàrá ìrẹsì ni ó máa ń sọ. Á ní, "Mo wà nínú òkùnkùn, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn..." Àwọn oníbàárà á sì dé. Màríyámọ̀ á kọjú sí ọjà, ìsọ̀ mìíràn á pe pásítọ̀. Ọjọ́ gbogbo ni ìtàn náà ń dúró síbi ìró ẹsẹ̀ yẹn.

Ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé, ó di ogójì. Ó kọ lẹ́tà sílé pé ìkórè ti dé, pé ogójì ènìyàn ni ó ń pe òun lójoojúmọ́ láti gbọ́ Ọ̀rọ̀. Irọ́ kọ́ ni ó pa. Ó kàn jẹ́ pé kò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í pe òun mọ́ bí oòrùn bá ti là. Bí ó bá tún kọjá lọ́sàn-án, àwọn ìyá á máa ka ojú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní "ẹ káàsán" láì gbójú sókè. Á padà sí yàrá rẹ̀, á jẹ búrẹ́dì, á sì jókòó sí ọ̀kan nínú àga mẹ́wàá.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Alàgbà Charles dé láti Freetown, àgbàlagbà tí irun rẹ̀ funfun bí òwú. Ó gbé aṣọ ìrìbọmi ogójì wá nínú àpótí ńlá kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bartholomew mú un wọ ọjà. Ó ń yára rìn níwájú fún ayọ̀.

Àwọn ìyá rí irun funfun náà, wọ́n hó yè.

"Baba rẹ̀ rè é! Bí ọmọ bá ní irú ẹsẹ̀ yìí, ti baba ńkọ́?"

Ruqoyah fa agbádá Alàgbà lápá ọ̀tún, ẹlòmíràn fà á lápá òsì. Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó ní kí Bartholomew bi ìyá yìí léèrè bóyá ó ti ṣetán láti ṣe ìrìbọmi. Bartholomew bi í.

"Ìrìbọmi kẹ̀?" Ruqoyah já apá aṣọ náà sílẹ̀. "Daddy, mo ti kírun àárọ̀ o! Alhaja ni mí. Ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀ yìí ná, kí ọjà lè yá."

Alàgbà lọ sí ìsọ̀ kejì, ó lọ sí ìkẹta. Apẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wọn ń nà sí i. Nígbà tí ó dé ìkeje, kò bèèrè nǹkan kan mọ́. Gafar, tí ó ru ẹrù kọjá, ni ó là á mọ́lẹ̀ fún wọn.

"Ọ̀gá pásítọ̀, ẹsẹ̀ yín ni wọ́n ń fẹ́. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Alàgbà kò bínú. Ìbá sàn kí ó bínú. Ní yàrá Kétu, ó ka àga mẹ́wàá náà pẹ̀lú ojú, ó wo ibi tí eruku dé lórí mẹ́sàn-án nínú wọn.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "ogun kò jẹ́ kí ilé wa ní ohun tí a ń fi ṣòfò. Mo máa ti ibí yìí pa. Kí o máa bọ̀ nílé ní ìparí oṣù."

"Bàbá, ẹ̀jẹ́ mi ńkọ́?"

"Ọlọ́run rí i pé o lọ," ni Alàgbà dáhùn. Ó gbé àpótí aṣọ funfun rẹ̀, ó lọ.

Bartholomew kò dé ọjà mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ó dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Ọjọ́ karùn-ún ni Gafar wá kan ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ní ọjà kò yá láti ọjọ́ tí o kò ti wá. Wọ́n ní kí n gbé ọ wá, bí mo bá tilẹ̀ máa rù ọ́."

"Sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ mi ń dùn mí."

Gafar wọlé. Ó jókòó sórí àga. "Èmi náà, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń pè," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ọgbọ̀n ọdún. Bí ẹ̀yìn bá dá, ta ni yóò bèèrè Gafar?" Ó dìde lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò Bartholomew ni Gafar tún padà dé, ó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé.

"Màríyámọ̀ ló rán mi. Ó ní kí o má wá láàárọ̀. Ó ní kí o wá nísinsìnyí tí apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo. Ohun tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rẹ ṣe lásìkò yìí, èmi ò mọ̀."

Bartholomew lọ. Kò so táì. Ọjà ti tú, àwọn tírélà ti lọ, òórùn tòmátì tí ó ti bàjẹ́ nìkan ni ó kù lórí ilẹ̀. Màríyámọ̀ ti da apẹ̀rẹ̀ òfìfo kan délẹ̀ fún un láti jókòó.

"Pásítọ̀, ẹ jókòó. Ojú ń tì mí."

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Ó wà. A mú yín bí oògùn." Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Oṣù méjì gbáko ni ẹ fi fi mí sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Ìró ẹsẹ̀ àwọn ẹni ibi yẹn, nígbà tí ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ní Freetown, nígbà tí Bartholomew bá ń jẹ́rìí, ó máa ń sọ pé áńgẹ́lì ni ó dí wọn lójú, ìjọ á sì patẹ́wọ́. Àmọ́ ibí yìí kò sí ìjọ. Obìnrin kan àti apẹ̀rẹ̀ òfìfo ni.

"Aládùúgbò wa kan ni," ni ó wí níkẹyìn. "Obìnrin tí ń kírun bíi tiyín. A kì í kí i dáadáa nílé wa. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn náà, ó bẹ̀rẹ̀ ìrun. Wọ́n ní kí ó dìde, kò dìde. Bó bá parí ọ̀kan, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì kọjá lọ. Mo ń gbọ́ ọ láti inú. Mi ò tíì dárúkọ rẹ̀ nínú ìwàásù rí."

Wọ́n pe ìrun Màgíríbì láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ọjà. Màríyámọ̀ ṣe àlùwàlá pẹ̀lú kẹ́tùlù rẹ̀, ó tẹ́ ẹní síwájú ìsọ̀, láàrin ọmọ náà àti ojú ọ̀nà, ó sì kírun. Bartholomew jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹrí ba. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù méje tí ó gbàdúrà tí kì í ṣe òun nìkan.

Nígbà tí Màríyámọ̀ parí, ó ṣí kúlà kan. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata ni, èyí tí ó fi tòmátì ìkẹyìn ọjọ́ náà sè. Kò mọ̀ pé ọmọ náà kì í jẹ ẹ́.

"Ẹ bá mi jẹ ẹ́," ni ó wí. "Àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ àwọn ọkọ wọn. Èmi nìkan ni mo máa ń jẹun nírọ̀lẹ́."

Bartholomew fi ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó gbé e mì. Ó jẹ ẹ́ tán.

Bartholomew bọ́ sínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Àkrà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn kan náà tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé àwọn baba rẹ̀ gbà ni ó tọ̀. Ní Freetown, wọ́n ní kí ó kọ ìjábọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iye ènìyàn tí ó gbàgbọ́, ó kọ pé: "Kò sí." Ó ronú díẹ̀, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹnì kan pè mí nírọ̀lẹ́."

Àwọn àgbà ìjọ kà á, ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn. Wọ́n fi ìwé náà sínú àpótí pákó, níbi tí ìwé àwọn Sàró àtijọ́ wà, àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ padà sí ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, tí wọ́n ń wá ilé baba wọn kiri.